Malé, olú ìlú Maldives (orílẹ̀-èdè erékùṣù nínú Òkun Íńdíà): iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ta ló sì mú ìyókù?

Akọ̀wé_Ìbílẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lánàá ni ẹnì kan kọ ọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn níbí pé Malé ni ká máa wò bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ìjọba ìbílẹ̀ tó dá dúró nínú ìlú tí omi yí ká, nítorí pé ará ìlú fúnra wọn ló ń dìbò yan méyọ̀. Ìdìbò yẹn wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń gba owó omi, owó iná, owó ilẹ̀ àti owó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ará Malé: kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìlú. Èyí ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ rèé. Erékùṣù Malé gan-an ò ju bíi 2 km² lọ. Àdúgbò mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: Henveiru, Galolhu, Machchangolhi àti Maafannu. Ṣùgbọ́n ìlú Malé lábẹ́ òfin kan Villimalé, Hulhumalé àti erékùṣù pápákọ̀ òfuurufú, Hulhulé, pẹ̀lú. Nínú ìkànìyàn 2022, àwọn tó ń gbé ìlú náà lé ní 211,000, nínú bíi 515,000 tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdá méjì nínú márùn-ún orílẹ̀-èdè kan, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo!

Kó tó di 2010, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ ni Malé Municipality. Ìwé òfin 2008 ló la ọ̀nà fún ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn, òfin 2010 gbé e kalẹ̀, ìdìbò àkọ́kọ́ sì wáyé ní oṣù kejì 2011. Nígbà yẹn àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yan méyọ̀ láàárín ara wọn. Àtúnṣe òfin ti oṣù kejìlá 2019 ló ní kí ará ìlú máa dìbò yàn án tààrà, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó káńsẹ́lọ̀ jẹ́ ti obìnrin, kí ìjọba àpapọ̀ sì máa pín ó kéré tán ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un fún àwọn ìgbìmọ̀ gbogbo. Mohamed Muizzu ló wọlé ní oṣù kẹrin 2021. Nígbà tó di ààrẹ orílẹ̀-èdè ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n ṣe ìdìbò àfidípò ní 13 oṣù kìíní 2024, Adam Azim ti ẹgbẹ́ MDP, ẹgbẹ́ alátakò, ló gbà á.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ omi wọn dáadáa, kó bá wa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Omi:
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé. Kò sí odò ní Malé, kò sí òkè tí ìsun ti lè jáde. Ilé-iṣẹ́ MWSC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 ló ń pèsè omi, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi òkun ni wọ́n ń fà, tí wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́: lítà omi òkun kan ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ yanrìn àti ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ alágbára á fi tìpá tó bí 55 sí 70 bar ti omi náà gba inú awọ asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi ń kọjá, iyọ̀ ò lè kọjá. Nínú lítà mẹ́wàá tó wọlé, lítà mẹ́rin, tàbí kó dín díẹ̀, ló ń di omi mímu. Ìyókù, tí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, á padà sínú òkun. Omi tó jáde ò ní ohun àlùmọ́ọ́nì nínú mọ́, ó sì máa ń jẹ páìpù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi kálísíọ́mù díẹ̀ sí i kí wọ́n tó tì í sígboro.

Iná ló ń jẹ owó jù. Mítà onígun kan omi, ìyẹn 1,000 lítà, ń gba bíi 3 sí 4 kWh. Iná Malé, jẹnẹrétọ̀ dísẹ̀lì ti STELCO, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, ló ń pèsè púpọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 1,000 lítà omi kan ń sun bíi lítà dísẹ̀lì kan. Bí ọkọ̀ epo bá pẹ́ lórí òkun, iná àti omi ló jọ wà nínú ewu.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 4 oṣù kejìlá 2014. Iná jó pánẹ́ẹ̀lì tó ń darí jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ omi náà. Awọ asẹ́ ò bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń ti omi ò bàjẹ́. Wáyà àti pánẹ́ẹ̀lì nìkan ló jó, omi sì dá ní gbogbo ìlú. Àwọn tó lé ní 100,000 ni kò rí omi ẹ̀rọ. Íńdíà fi ọkọ̀ òfuurufú gbé omi wá, ọkọ̀ ogun ojú omi wọn tún wá, wọ́n sì ń fi agbára ọkọ̀ yẹn yọ iyọ̀ fún ìlú. Ṣáínà, Sri Lanka àti Bangladesh náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Omi tí wọ́n kó pamọ́ kéré jù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan kì í ṣe ẹ̀rọ méjì bí pánẹ́ẹ̀lì tó ń darí wọn bá jẹ́ ọ̀kan.

Àbẹ̀ní_Olómi:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ìbéèrè mi: ṣé wọn ò ní kànga ni? Òjò ńkọ́? Maldives máa ń rójò.

Ẹlẹ́rọ_Omi:
Ìbéèrè tó dára, àǹtí. Kànga ni gbogbo Malé ń lò látijọ́. Omi òjò tó wọ inú yanrìn erékùṣù máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé bí omi tútù bá ga ju òkun lọ ní mítà kan, bíi mítà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ẹ yí i padà: bí ẹ bá fa omi kànga débi tó lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, omi iyọ̀ á gòkè ní mítà mẹ́rin. Èrò pọ̀ sí i ní Malé, wọ́n ń fà á ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, ilẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré bò ò jẹ́ kí òjò wọlé, ṣáláńgá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àìsàn onígbáméjì jà níbẹ̀ ní 1978, ó sì pa ènìyàn. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kànga mímu ti ń parí lọ.

Ti òjò, ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Òjò Malé lọ́dún kan sún mọ́ mílímítà 1,900. Òrùlé tó jẹ́ 60 m² á gba bíi 114 m³. Bí a bá yọ èyí tó ṣòfò, ó ku bíi 91 m³, ìyẹn 250 lítà lójúmọ́. Ilé alájà mẹ́fà tí èèyàn 30 ń gbé lórí ilẹ̀ kékeré yẹn, ẹnì kan á rí lítà mẹ́jọ. Ó tó fún mímu àti sísè, kò tó fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ. Láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin òjò sì máa ń ṣọ̀wọ́n, nítorí náà táǹkì gbọ́dọ̀ tóbi kó tó lè gbé ilé dé oṣù karùn-ún, àyè táǹkì ńlá sì ṣòro rí. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ní táǹkì òjò fún ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá dá. Ọ̀sẹ̀ méjì fún èèyàn 30, ní lítà mẹ́jọ lójúmọ́, kò ju 3,400 lítà lọ. Táǹkì ike méjì ti 2,000 lítà gbà á.

Gọ́tà_Làgbà:
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ òjò yẹn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú ti hàn. Bí òjò ńlá bá rọ̀ fún wákàtí kan ní Malé, ẹ máa rí Majeedhee Magu, títì ńlá ìlú náà, nínú omi dé orúnkún, ọ̀kadà á kú sójú ọ̀nà, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìdí rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n wọ́n so mọ́ra.

Ilẹ̀ Malé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó ga jù níbẹ̀ ò ju bíi mítà méjì àtààbọ̀ lọ sókè òkun, púpọ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Páìpù gọ́tà tó gùn ní mítà 400 nílò kó dagun: bí ẹ bá fún un ní mítà kan fún mítà 400, ẹnu rẹ̀ lójú òkun ti wà lábẹ́ omi nígbà tí òkun bá kún. Ìyàtọ̀ omi kún àti omi fà ní Malé ò ju bíi mítà kan lọ, àmọ́ níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ ọ̀rọ̀ sẹ̀ǹtímítà, mítà kan pọ̀ gan-an. Bí òjò bá bá omi kún pàdé, omi ò ní ibi tó máa lọ.

Ìkejì, ẹnu páìpù náà nílò ìlẹ̀kùn tó ń ṣí sí òkun nìkan. Ìkarahun òkun máa ń lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ títí kò fi ní lè pa dé mọ́, omi òkun á gba gọ́tà wọ ìlú. Kí wọ́n há a lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà etí rẹ̀ bó bá le. Rọ́bà lásán ni mò ń sọ. Ìlú tó fi rọ́bà ṣahun á fi fọ́ọ̀mù ibùsùn ará ìlú san án.

Ìkẹta ni yanrìn. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ò dáwọ́ dúró ní Malé, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ń dà sójú títì, wọ́n sì ń wọ inú gọ́tà. Sìmẹ́ǹtì tó bá wọlé máa ń le sínú páìpù, kò sí ẹ̀rọ tó lè fọ̀ ọ́ jáde mọ́. Wíwú páìpù yẹn ló kù. Nítorí náà ihò tí wọ́n kọ́ sójú títì láti gba omi gbọ́dọ̀ ní àyè tó jìn ní bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ẹnu páìpù, kí yanrìn lè dúró síbẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì kó o jáde kí ó tó kún dé ìdajì.

Àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kàn ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ ṣírò. Mílímítà 50 òjò lórí saarè ilẹ̀ kan, ìyẹn mítà 100 sí 100, jẹ́ 500 m³. Ẹ̀rọ tó ń fa 100 m³ ní wákàtí kan á lo wákàtí márùn-ún. Malé sì jẹ́ bíi saarè 200.

Akọ̀wé_Ìbílẹ̀:
@Gọ́tà_Làgbà, ẹ ṣé gan-an. Ẹ bá wa sọ ẹni tó ni gọ́tà yẹn, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó já sí.

Gọ́tà_Làgbà:
Ẹni tó ni ín ń yí padà pẹ̀lú ẹni tó wà níjọba, ohun tó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Lábẹ́ ààrẹ Abdulla Yameen, láàárín 2013 sí 2018, ìjọba àpapọ̀ gba òpópónà àti ọgbà kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ alátakò ń darí. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ títì ńláńlá bọ́ sọ́wọ́ RDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn. Bí ẹni tó ń gbá gọ́tà kò bá jẹ́ ẹni tó ń tẹ́ títì lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń pa àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ìdagun páìpù mọ́.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀. MWSC ń gbẹ́ fún omi, STELCO fún wáyà iná, Dhiraagu fún wáyà tẹlifóònù, lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró Malé, tí wọ́n ń pè ní goalhi, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà kọjá. Bí wọ́n bá da yanrìn padà sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n wá fi bíríkì títì bò ó, òjò méjì péré ló máa fi rì. Bó ṣe yẹ ni kí wọ́n máa dà á ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ìpele kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó bọ́ sórí rẹ̀, kí wọ́n sì rọ omi díẹ̀ sí yanrìn nítorí yanrìn gbígbẹ kì í ki.

Ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ dì mú ni ìwé àṣẹ gbígbẹ́lẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà kan á sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, gbogbo ilé-iṣẹ́ á wọ kòtò kan náà, wọ́n á fi owó ìdúró sílẹ̀, a ò sì ní dá a padà títí ọ̀nà yóò fi gba àkókò òjò kan láì rì.

Àdìó_Ètíkun:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má gbàgbé odi òkun. Láìsí i, kò ní sí gọ́tà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 1987, ìgbì ńlá bo apá gúúsù Malé, ó sì wó nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún. Kò sí ìjì ní Malé lọ́jọ́ náà. Ìjì tó jìnnà réré ní gúúsù Òkun Íńdíà ló rán ìgbì náà wá. Ìdí tó fi rọrùn fún un láti wọlé ni pé wọ́n ti kún ilẹ̀ ìlú dé etí àpáta iyùn inú òkun. Tẹ́lẹ̀, omi pẹrẹsẹ tó wà lórí àpáta yẹn ló ń fọ́ ìgbì kó tó dé ilẹ̀. Wọ́n tún ti ń wú iyùn náà kọ́lé fún ọjọ́ pípẹ́. Ìlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó odi tí Ọlọ́run mọ fún un.

Japan ló gbówó kalẹ̀ fún odi tó wà níbẹ̀ báyìí, ní ìpele ìpele, títí odi fi yí erékùṣù ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Lápá gúúsù, kọnkéré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n tò lé ara wọn. Àlàfo àárín wọn ló ń ṣiṣẹ́: omi á wọ inú àlàfo, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, agbára rẹ̀ á dín kù. Odi pẹlẹbẹ á kàn dá ìgbì padà, ìgbì á sì máa gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ní 26 oṣù kejìlá 2004, nígbà tí sùnámì dé, omi bo bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta Malé, àmọ́ kò gba ìlú lọ bó ṣe ṣe àwọn erékùṣù kan tí kò ní odi.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò: ẹsẹ̀ kọnkéré tó ti kán, ibi tí kọnkéré tí wọ́n tò náà ti rì ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti yanrìn tó ń jò gba ìdí odi jáde. Bí kòtò kékeré bá yọ lójú títì lẹ́yìn odi, yanrìn ìsàlẹ̀ ti lọ nìyẹn. Dída yanrìn sórí kòtò yẹn ò wo nǹkan kan. Àfi kí wọ́n hú u, kí wọ́n tẹ́ aṣọ asẹ́ sẹ́yìn odi, kí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí yanrìn tó padà.

Ìyá_Ìtàn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń ná, ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Inú ọ̀sà Maldives ni wọ́n ti ń kó o: wọ́n á ju imọ̀ àgbọn sínú omi, ẹyọ á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ẹran inú rẹ̀ kú, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ kó rà, wọ́n á wá fọ̀ ọ́. Malé, lábẹ́ ojú ọba, ni ọkọ̀ àjèjì ti ń rà á, tí wọ́n sì ń fi ìrẹsì Bengal pààrọ̀ rẹ̀. Ibn Battuta, tó ṣe adájọ́ níbẹ̀ láàárín 1343 sí 1344, kọ̀wé nípa òwò yìí. Àwọn òyìnbó wá ń kó o lọ sí Yúróòpù, wọ́n sì ń kó o láti ibẹ̀ wá sí Àjùdá àti etíkun wa, nínú òwò ẹrú pàápàá. Ogójì ẹyọ lókùn kan, àádọ́ta okùn di 2,000, ìdì 2,000 mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Láti 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ Zanzibar, tó tóbi jù tó sì pọ̀ jù, wá sí etíkun wa, iye owó ẹyọ sì já wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá léèrè ohun tó kàn wá pẹ̀lú Malé, ó kàn wá.

Àbẹ̀ní_Olómi:
Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Mi ò mọ èyí rí. Ta ló mọ ti ìdọ̀tí? Mo gbọ́ pé erékùṣù kan gbáko ni wọ́n sọ di ààtàn.

Ààtàn_Ọ̀rọ̀:
Thilafushi ni, bíi kìlómítà 7 sí ìwọ̀-oòrùn Malé. Ọ̀sà ni tẹ́lẹ̀. Láti 1992 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò sínú yanrìn ibẹ̀, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí i, tí wọ́n ń fi àwókù ilé àti yanrìn bò ó. Ìdọ̀tí pọ̀ ju kòtò lọ, wọ́n bá ń finá sí i ní gbangba. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, èéfín á gba orí òkun wá sí Malé. Ní 2021 ni wọ́n dá iná gbangba yẹn dúró. Wọ́n ń di ìdọ̀tí náà pọ̀ báyìí.

Ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ ló ń kó ìdọ̀tí. WAMCO, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ló ń kó o láti ilé, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ.  Ẹ wò ó dáadáa: bí WAMCO bá pẹ́ ní ọjọ́ méjì, àpò ìdọ̀tí á kúnta, ológbò àti eku á fà á ya, ìgbìmọ̀ sì ni ará ìlú máa bi léèrè ohun tó dà sójú títì.

Iléeṣẹ́ ìsundọ̀tí tí wọ́n ṣètò sí Thilafushi ni kí ó máa sun 500 tọ́ọ̀nù lójúmọ́, kó sì fi ooru rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Báńkì ìdàgbàsókè Éṣíà wà lára àwọn tó fowó sí i. Àmọ́ ìléru kì í jẹ ohun tútù. Ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ní agbára ooru tó bí 7 MJ nínú kílò kan kó tó lè jó fúnra rẹ̀ láìsí dísẹ̀lì. Èèpo èso, oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ìfun ẹja, omi ló kún inú wọn. Bí àwọn bá pọ̀ jù, ìgbóná á wálẹ̀. Èéfín sì gbọ́dọ̀ wà ní 850 °C fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ó kéré tán kí májèlé inú rẹ̀ tó jó tán. Ike PVC àti iyọ̀ inú ìdọ̀tí etíkun ń mú kẹ́míkà jáde tó ń jẹ páìpù ìléru. Nítorí náà, yíya ohun tútù sọ́tọ̀ ní ilé kí àpò tó kúrò níbẹ̀ ló máa gba ìléru là. Ìgbìmọ̀ tó mọ ojúlé kọ̀ọ̀kan ló lè ṣe é, ilé-iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ nìkan ò lè ṣe é.

Ọ̀gá_Ìṣirò:
Ẹ má bínú, èmi ò bá yín lọ síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bíi pé ilé-iṣẹ́ ìjọba kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ni. Ẹ̀rọ ìyọyọ̀, iná, ìléru, owó tabua ni wọ́n ń gbà. Ìgbìmọ̀ tí àṣẹ rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú ìbò, báńkì wo ló máa yá a lówó fún ogún ọdún? MWSC pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù mìíràn, ó lè ra awọ asẹ́ àti pọ́ǹpù lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí erékùṣù kọ̀ọ̀kan bá ń dá ti rẹ̀ ṣe, owó omi á ga ju bó ṣe wà lọ.

Akọ̀wé_Ìbílẹ̀:
Mo gbà fún yín lórí ti owó ńlá, ọ̀gá. Mi ò ní kí ìgbìmọ̀ ra ìléru. Ohun tí mò ń bèèrè kò ju pé kí ìgbìmọ̀ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí: iye wákàtí tí omi lè dá kí wọ́n tó san ìtanràn, ọjọ́ tí àpò ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, iye omi tó gbọ́dọ̀ wà nínú táǹkì ìlú nígbà gbogbo. Báyìí, bí omi bá dá, méyọ̀ ni ará ìlú ń pè, méyọ̀ ò sì ní ìwé kankan tó lè fi dá ilé-iṣẹ́ omi lẹ́bi.

Ilẹ̀ ló le jù. Hulhumalé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kún yanrìn sí ní 1997, tí àwọn olùgbé sì dé ní 2004, wà lábẹ́ HDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ilẹ̀ rẹ̀ ga tó bíi mítà méjì, ó ga ju púpọ̀ nínú Malé lọ. Láti oṣù kẹjọ 2018 tí afárá Sinamalé ti ṣí, ènìyàn lè gun ọ̀kadà láti Malé gba pápákọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dìbò yan méyọ̀ Malé, HDC ló sì ń fún wọn ní ilẹ̀ àti ọgbà. Mo rí èyí bí àìdọ́gba gidi: ẹni tó yàn ọ́, o ò lè tún òpó iná ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

Ìyá_Ìtàn:
Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìlú náà wà níbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Ilé Malé kì í ní nọ́ńbà bí ti wa, orúkọ ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n á fi lẹ́tà àdúgbò ṣáájú: H. fún Henveiru, G. fún Galolhu, M. fún Machchangolhi, Ma. fún Maafannu. Ará Malé tí kò ní ilé tí orúkọ rẹ̀ wà lórí, inú ìwé ìgbìmọ̀ ìlú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, dhaftharu ni wọ́n ń pè é. Ìran mẹ́ta lè wà nínú ìwé yẹn láì ní ilẹ̀ kankan. Nígbà tí ìjọba bá ń pín ilẹ̀ tàbí ilé ní Hulhumalé, àwọn yìí ló máa ń kígbe jù, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti kígbe.

Àbẹ̀ní_Olómi:
Ó yé mi dáadáa. Ìbéèrè tó kù lọ́kàn mi: @Ẹlẹ́rọ_Omi, bí ìgbìmọ̀ yẹn bá ní owó díẹ̀ lọ́dún yìí, tí kò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìyọyọ̀, kí ni kí ó kọ́kọ́ ṣe fún omi?

Ẹlẹ́rọ_Omi:
Táǹkì òjò sí ilé-ẹ̀kọ́, mọ́sálásí àti ọjà ẹja, àǹtí. Òrùlé wọn tóbi, ìlú ló ni wọ́n, kò sí onílé tí ẹ máa bẹ̀. Bí a bá yọ èyí tó ṣòfò, òrùlé 500 m² á gba bíi 20 m³ nínú òjò mílímítà 50 kan ṣoṣo. Lítà kan lórí m² òrùlé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà nù kó tó wọ táǹkì, torí eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ àti èéfín ọ̀kadà ló wà nínú omi àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ bo gbogbo ẹnu táǹkì nítorí ẹ̀fọn. Ẹnu ẹ̀rọ omi ìta kó ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà kúrò nílẹ̀ kí ife àti kẹ́ẹ̀gì lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Gọ́tà_Làgbà:
Kí wọ́n sì gbé pọ́ǹpù àti pánẹ́ẹ̀lì iná rẹ̀ sórí pèpéle tó ga tó mítà kan ó kéré tán. Ojú títì kan náà tó ń kún dé orúnkún ni táǹkì yẹn máa wà.